“Ẹ Ò Kọ́ Wa Ní Èyí Rí, Mà”

Gbólóhùn kan há sí mi lọ́kàn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú àfojúdi. Mo kọ ìṣirò kan sójú bọ́ọ̀dù pé kí wọ́n ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo rò pé kò ní gbà wá ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ká lè bọ́ sórí ẹ̀kọ́ tuntun tó wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó síwájú nawọ́, ó dìde, ó ní, “Ẹ ò kọ́ wa ní èyí rí, mà.”

Àwọn yòókù gbè é lẹ́sẹ̀. “Òótọ́ ni, mà, a ò tíì ṣe é.” Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sá fún iṣẹ́. Mo mọ ojú ọmọ tó ń sá fún iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ dá wọn lójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti kọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ wọn, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá ti kọ́ni rí mọ ohun tí a máa ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. A ó bínú díẹ̀, a ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́, a ó sáré tún un kọ́, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tí èmi náà ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù ni ohùn ọmọ náà ń padà wá sí mi létí. Tí ẹyọ ọmọ kan bá gbàgbé, ó lè jẹ́ tirẹ̀. Tí kíláàsì kan lódindi bá gbàgbé pé àwọn tilẹ̀ kọ́ nǹkan rí, ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó kọ́ wọn.

Ojú ìwé tí mo ti máàkì

Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo pe ọmọbìnrin náà pé kó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. A jọ ń ṣí i sẹ́yìn, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí a fi kan ibẹ̀. Ìṣirò márùn-ún ni. Ó kọ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta wà lára wọn. Ìdáhùn tó kọ síbẹ̀, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà, tọ̀nà. Mo ti máàkì gbogbo rẹ̀. Mo fi báírò pupa kọ “Ó dára gan-an” sí ìsàlẹ̀, mo sì kọ déètì sí i.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìwé ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Ó fi ìka kan nọ́ńbà kan níbẹ̀. “Ọwọ́ mi ni, mà,” ó ní, “ṣùgbọ́n mi ò rántí pé mo kọ ọ́.”

Kò purọ́, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Mo wo ohun tó kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti ro nọ́ńbà òkè mọ́ nọ́ńbà òkè, ó ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó sì kọ ìdá méjì nínú márùn-ún. Mo wá bi í ní ìbéèrè kan tó ṣàdédé wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, nínú ìdajì àti ìdá méjì nínú márùn-ún, èwo ló pọ̀ jù? Ó ya onígun mẹ́rin gbọọrọ méjì tó dọ́gba, ó pín wọn, ó kun wọn. “Ìdajì ló pọ̀ jù, mà.” Mo ní, ṣé a ní ìdajì lọ́wọ́, a tún fi nǹkan kún un, ó wá dín kù?

Ó dákẹ́. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Mo rí i pé nǹkan kan ń yí padà lójú rẹ̀. Ó pa ìdáhùn náà rẹ́ láìjẹ́ pé mo ní kó pa á rẹ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi kọ́ wọn, n kò béèrè ìbéèrè yẹn rí. Mo ṣe àpẹẹrẹ kan sójú bọ́ọ̀dù, mo ṣàlàyé rẹ̀, àwọn ọmọ pariwo “bẹ́ẹ̀ ni, mà” nígbà tí mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Mo wá kọ ìṣirò márùn-ún tó jọ ọ́ fún wọn, n kò sì nu àpẹẹrẹ náà kúrò. Wọ́n ń wo bọ́ọ̀dù, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kàn ń pààrọ̀ nọ́ńbà. Nígbà tí mo jókòó ní alẹ́ tí mo ń máàkì, ohun tí èmi fúnra mi kọ sójú bọ́ọ̀dù ni mo ń máàkì. Ara mi ni mo ń yìn.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àti ọ̀sẹ̀ kan

N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìwádìí tẹ́lẹ̀. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa ń ṣe fún àwa olùkọ́, “ìwádìí ti fi hàn pé” ni ẹni tó wà níwájú máa ń sọ tó bá fẹ́ ká dákẹ́. Kì í sọ ìwádìí ta ni, kì í sọ àwọn tí wọ́n fi ṣe é, kì í sọ ohun tí wọ́n fi wé ohun tí wọ́n ń wádìí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi orúkọ ọba lé ènìyàn lọ́nà. Nítorí náà, lọ́dọọdún, mo máa ń gba ìwé tí wọ́n bá pín, mà á sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí n kò ti ní rí i mọ́.

Ìwé ọmọbìnrin yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kà. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni ènìyàn ṣe lè ṣe nǹkan dáadáa lónìí, kó má rántí pé òun ṣe é rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí ìrántí, ara rẹ̀ ló sì fi ṣe gbogbo àyẹ̀wò inú rẹ̀. Ó ṣe àkójọ àwọn sílébù tí kò nítumọ̀, ó ń há wọn sórí, ó sì ń wo bí àkókò tó kọjá ṣe ń mú wọn lọ. Ó rí i pé kíákíá ni ìgbàgbé máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń dúró ju èyí tí a kó jọ sójú kan.

Àmọ́ iṣẹ́ tó mú mi pa ìwé dé tí mo dìde rìn káàkiri inú yàrá ni èyí tí Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke tẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà láti kà. Àwọn kan kà á ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á ní ìgbà kan péré, wọ́n gba àyọkà náà kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sórí ìwé òfìfo. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á.

Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lákàtúnkà ló borí. Wọ́n rántí ìdá 83 nínú 100 ohun tó wà nínú àyọkà náà, àwọn kejì rántí ìdá 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dán wọn wò padà. Àwọn tó kà á ní ìgbà mẹ́rin já wálẹ̀ sí ìdá 40. Àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fi orí ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà jáde ní ìgbà mẹ́ta, wà ní ìdá 61. Ohun tó tún jọ mí lójú ni pé nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ṣáájú bí wọ́n ṣe máa rántí tó, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ni ó dá lójú jù pé àwọn á rántí.

Mo wo àwọn nọ́ńbà yẹn, mo rí ara mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo ti dúró sí látìgbà tí mo ti ń kọ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti ń béèrè bóyá ẹ̀kọ́ yé wọn, ibẹ̀ ni mo ti ń fún wọn ní iṣẹ́ ṣe, ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé ti máa ń wọlé wá wò mí tó sì máa ń jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní ìṣẹ́jú kárùn-ún, ọ̀nà tí kò dára máa ń dà bí èyí tó dára jù. Kò sí bí mo ṣe lè fojú mi rí àṣìṣe náà, nítorí ibi tó wà, n kò dúró dè é rí.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 2007, Doug Rohrer àti Kelli Taylor tẹ ohun tó fara jọ ọ́ jáde lórí ìṣirò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe irú ìṣirò kan tán pátá kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn gba ìdá 89 nínú 100 lákòókò ìdánrawò. Àwọn tí wọ́n da oríṣi ìṣirò mẹ́rin pọ̀ mọ́ra fún ń tiraka, ìdá 60 péré ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 20 ni ó kù lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́, ti àwọn kejì jẹ́ 63. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tó wà láàárín kíláàsì méjèèjì yìí ní ọjọ́ ìdánrawò. Èwo nínú wọn ni yóò sùn dáadáa lálẹ́?

Àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò dùn

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè mẹ́ta ṣí ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Ìwé gbogbo ènìyàn á wà ní pípadé, bọ́ọ̀dù á wà ní òfìfo. Ìbéèrè kan á jẹ́ ti àná, ọ̀kan á jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan á jẹ́ ti oṣù tó kọjá. N kò gba máàkì sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ṣì í á tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ burú. Kíláàsì tó máa ń dún bí agogo wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ ń wolẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ìwé rẹ̀ máa ń mọ́ jù sunkún nítorí pé kò rí nǹkan kan kọ. N kò lè gbàgbé ẹkún yẹn. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un pé wíwá nǹkan nínú orí ni iṣẹ́ náà gan-an, bí kò tilẹ̀ rí i. Nígbà tí mo ń sọ ọ́, kò dá èmi náà lójú tó bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà olùkọ́ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kíláàsì dákẹ́ láìpariwo, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Àbúrò, mo gbọ́ pé ẹ ti ń fi ìdánwò pa àwọn ọmọ lójoojúmọ́.” Mo sọ ohun tí mo kà fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tí ẹ ń wí yẹn, ọmọ yunifásítì ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wà níwájú yín. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?”

Ìbéèrè rẹ̀ dára ju ìdáhùn tí mo ní lọ́wọ́ lọ. Mo padà lọ kàwé. Mo rí i pé àwọn olùwádìí náà ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí ṣáájú èmi. Ní 2011, Roediger, Pooja Agarwal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe nínú kíláàsì gidi, pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà àti olùkọ́ wọn gan-an. Wọ́n fi ìbéèrè ṣókí dán àwọn ọmọ wò lórí apá kan ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ láìdán wọn wò lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n dán wọn wò lé lórí ló dúró lórí àwọn ọmọ náà jù. Ní 2013, John Dunlosky àti àwọn mìíràn kó ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá jọ, wọ́n yẹ ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Méjì péré ni wọ́n fi sí ipò òkè: kí ènìyàn máa dán ara rẹ̀ wò, àti kó pín ìkẹ́kọ̀ọ́ sí ọjọ́ púpọ̀. Kíkà lákàtúnkà àti fífi ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, tí gbogbo wa fi dàgbà, wà ní ìsàlẹ̀.

Síbẹ̀, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n kò tán. Ọmọ tiwọn kọ́ ni ọmọ tèmi. Mo wá ṣe ohun tí àwọn olùwádìí yẹn ṣe ní kíláàsì kẹfà, ní ìwọ̀n agbára mi. Ọ̀rọ̀ méjìlá wà nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó kàn wá. Mo pín wọn sí méjì. Mẹ́fà, mo ń bi wọ́n léèrè láìṣíwé. Mẹ́fà yòókù, a ń kà wọ́n pọ̀ láti inú ìwé, iye ìṣẹ́jú kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo dán wọn wò lórí méjèèjìlá, n kò sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n láti jókòó tì mí nígbà tí mo ń máàkì. A fa ìlà méjì sórí ìwé, a ń kọ orúkọ ọmọ sí apá tí tirẹ̀ bá ti dára jù. Orúkọ ń pọ̀ sí i ní apá kan, apá kejì kò ní ju díẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kan wà tí kò sí ìyàtọ̀ fún wọn rárá, a kọ tiwọn sí àárín. Ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀ títí a fi parí. Ó wá béèrè àwọn tó wà ní àárín lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí ó ti kọ́ wọn ṣáájú mi. Nípa ẹni méjì nínú wọn, ó ní, “Àwọn yìí ò tíì mọ ìwé kà dáadáa. Ohun tí ẹ ń bi wọ́n, kò wọlé látìbẹ̀rẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. A kò lè fa ohun tí kò wọnú orí jáde láti inú rẹ̀. N kò rí ìyẹn kà nínú ìwé kankan lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ní àkísà ló sọ ọ́ fún mi.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kò tó ohun tí a lè pè ní ìwádìí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ mẹ́fà kan rọrùn ju mẹ́fà kejì lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìtara tèmi ti kún ohùn mi nígbà tí mo ń bi wọ́n léèrè. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi tèmi nìkan gbà á gbọ́, tí n kò sì fẹ́ fi tiwọn nìkan gbà á gbọ́.

Ọmọ tí mo kọ “ọwọ́” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀

Ohun kan tún wà tí mo ní láti sọ, bó tilẹ̀ nira fún mi. Ní ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n kọ́ wa pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kọ́ ẹ̀kọ́: àwọn kan ń fi ojú kọ́ ọ, àwọn kan ń fi etí, àwọn kan ń fi ọwọ́. Mo gbà á tọkàntọkàn. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ́jísítà mi. Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ “ọwọ́” sí tirẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń kàwé, mo máa ń fún un ní nǹkan láti gé, láti lẹ̀, láti tò. Mo rò pé mo ń ṣàánú rẹ̀.

Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn mẹ́ta mìíràn ti yẹ gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n ní kí a tó lè gbà á, ó yẹ kí a rí i pé ọmọ “ojú” ṣe dáadáa jù nígbà tí a bá kọ́ ọ ní ọ̀nà ojú, kí ọmọ “etí” sì ṣe dáadáa jù ní ọ̀nà etí. Wọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti fi ọ̀nà yìí kọ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ yẹn ti wà níta kí wọ́n tó wá kọ́ wa ní òdìkejì rẹ̀.

Ọmọ yẹn ti kúrò ní kíláàsì mi. Ìwé kíkà ló nílò jù lọ nínú gbogbo wọn, ohun náà gan-an ni mo sì ń gbà kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá sọ pé ìwádìí kò kan òun, pé ìfẹ́ ọmọ ni iṣẹ́ olùkọ́, òun ni mo máa ń rántí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ tí mo ní sí i kò fi ibi tó yẹ kí n darí rẹ̀ sí hàn mí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn lásán ni. Nísinsìnyí, ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ojú ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, àkókò ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń wò, ẹnì kan sì wà níbìkan tó ti dúró títí di ọ̀sẹ̀ kejì láti wo ohun tí èmi kò dúró wò.

Nígbà tí ẹ̀rí bá di àṣẹ

Mo tún ti rí apá kejì rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nípa ilé-ìwé kan tí ọ̀gá ibẹ̀ ka irú nǹkan tí mo kà yìí, inú rẹ̀ dùn, ó sì pàṣẹ pé gbogbo olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè márùn-ún ṣí ẹ̀kọ́. Ó ń gbé fọ́ọ̀mù káàkiri láti máàkì ẹni tó ṣe é. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ ìbéèrè tó rọrùn jù, kí àwọn ọmọ lè tètè dáhùn, kí fọ́ọ̀mù lè kún. Ìbéèrè ṣì wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo ohun tí ìdáhùn ń sọ.

Ó dùn mí, nítorí pé inú rere ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kì í sọ pé “ẹ ṣe èyí, yóò dára.” Ní 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó ìwádìí jọ lórí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá sọ fún ènìyàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ní gbogbogbòò, ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Àmọ́ nínú èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ló mú kí iṣẹ́ náà burú sí i. Ohun tí gbogbo wa pè ní ohun rere ni o! “Ó dára gan-an” tí mo fi báírò pupa kọ sínú ìwé ọmọ yẹn, irú ọ̀rọ̀ tó máa ń dúró sórí ènìyàn dípò iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó yin ọmọ náà, kò sọ nǹkan kan fún un nípa ìdajì.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àwọn olùwádìí lè sọ fún mi ibi tó yẹ kí n wò àti ohun tó yẹ kí n ṣiyèméjì sí, àmọ́ èmi ni mo máa wò ó. Kí n sì tó lè wò ó, mo nílò àkókò. Bí mo ṣe ka àwọn ìwé wọ̀nyí, alẹ́ ni, lẹ́yìn tí mo ti máàkì tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí ènìyàn ní láti sanwó kó tó wọlé. Tí ẹnikẹ́ni tó láṣẹ bá fẹ́ kí ìwádìí dé inú kíláàsì, kó fún olùkọ́ méjì ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti jókòó pọ̀ bí èmi àti ẹ̀gbọ́n ṣe jókòó, pẹ̀lú ìwé àwọn ọmọ níwájú wọn. Fọ́ọ̀mù kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìdákẹ́jẹ́

Nínú gbogbo ohun tí mo kà, èyí tó nira fún mi jù láti ṣe kò gba owó, kò gba ohun èlò kankan. Mary Budd Rowe fara balẹ̀ gbọ́ bí àwọn olùkọ́ ṣe ń béèrè ìbéèrè, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1974. Ó rí i pé tí olùkọ́ bá béèrè nǹkan tán, kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ níwájú kíláàsì, ẹ ó rí bó ṣe máa ń gùn. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti kùnà, bíi pé gbogbo wọn ń wò mí. Mo máa ń kà á sínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún kọ ìbéèrè kan sójú bọ́ọ̀dù lára mẹ́ta ti òwúrọ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n ti rí rí: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kún ìdá kan nínú márùn-ún. Ìwé wà ní pípadé. Mo wò káàkiri, mo rí ọmọkùnrin kan tó tún ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó kọ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án. Mo bi gbogbo kíláàsì bóyá ìdáhùn yẹn lè jẹ́ òótọ́, n kò sọ ẹni tó kọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kà á dé mẹ́ta, mo kà á kọjá. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ò nawọ́. Ó ń ya nǹkan sétí ìwé rẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń yà á. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, àmọ́ mo di ẹnu mi mú.

“Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà,” ó sọ ọ́ níkẹyìn, kò tíì gbójú sókè. “Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án ò tó ìdajì. A sì ti ju ìdajì lọ ká tó bẹ̀rẹ̀.”

Ọmọkùnrin yẹn yí padà wò ó. Ó wo ìwé tirẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù rẹ̀.